Ta Ló Kọ Òdo Síbẹ̀? Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kékeré Kan Tó Ń Jẹ́ Out

A ti sọ ìtàn ọba lórí ètò yìí, a ti sọ ti ogun, a ti sọ ti orin. Tòní yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, inú èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ló sì wà. Ẹ má tíì pa fóònù yín o, mi ò ní fi ìṣirò dẹ́rù bà yín. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ àǹtí mi jẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi wá ìdí rẹ̀ lọ.

Àǹtí mi ń gba àjọ ní Ìwó. Àwọn tó ń dá a lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ogójì, ọ̀pọ̀ wọn ló ń tajà lọ́jà Odò-Orí. Ìwé tó ń kọ ọ́ sí ti gbó, òjò ti pa á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní kí n bá òun ṣe nǹkan sórí kọ̀ǹpútà. Mo ní kí ló ṣòro níbẹ̀. Mo lo òpin ọ̀sẹ̀ kan, mo fi èdè tí wọ́n ń pè ní C# kọ ápù kékeré: kọ orúkọ, kọ iye owó, tẹ bọ́tìnnì, ó tán. Ọmọ àǹtí mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ló ń tẹ̀ ẹ́.

Oṣù parí, ìyá kan tó ń ta gààrí wá kó owó rẹ̀. Ápù ní ohun tó dá ní ọ̀sẹ̀ kẹta jẹ́ 0. Ìyá ní irọ́ ni, òun san 5,000 náírà, ojú ẹni mẹ́ta lòun sì ti san án. Káàdì àjọ rẹ̀ wà nílé, kò mú un dání. Àǹtí mi ní kó lọ gbé e wá. Ìyá ní ilẹ̀ ti ń ṣú, ó di ọ̀la. Ẹ wo ohun tí alẹ́ ọjọ́ kan lè dá sílẹ̀! Alájọ kì í ta nǹkan kan ju orúkọ rẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹni mẹ́fà ti fi fóònù pè é, wọ́n ń fẹ́ gba owó wọn kí oṣù wọn tó pé. Káàdì dé láàárọ̀, àmì ọ̀sẹ̀ kẹta wà lórí rẹ̀ bí ìyá ṣe wí. Àǹtí mi san owó náà, ó bẹ̀ ẹ́, ó wá pè mí. Kò pariwo. Ìbéèrè kan ló bi mí: "Ta ló kọ òdo síbẹ̀?"

Mo bi ọmọ rẹ̀. Ó ní 5,000 lòun tẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ó tẹ 5, ó tẹ kọ́mà, ó tẹ òdo mẹ́ta, bí a ṣe ń kọ owó níbi gbogbo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kò ju ìlà kan lọ nínú ohun tí mo kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, ẹ fojú inú wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà, òun nìyí:

int.TryParse(iye, out int owo);

Ohun tí ènìyàn bá tẹ̀ sínú ápù, lẹ́tà ni kọ̀ǹpútà kà á sí, kì í ṣe oye. TryParse ni oníṣẹ́ tí a gbé lẹ́tà náà fún pé kó bá wa sọ ọ́ di oye. Ìdáhùn méjì ló máa ń mú bọ̀. Èkíní ni bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́: ṣé ó ṣeé ṣe àbí kò ṣeé ṣe? Èkejì ni oye náà fúnra rẹ̀, inú ohun tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn "out" ló sì máa ń dà á sí. Bí iṣẹ́ kò bá ṣeé ṣe, 0 ló máa dà síbẹ̀. Bí mo ṣe pè é yẹn, kò gba kọ́mà láàárín oye. Ó dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò wojú rẹ̀. Inú owo ni mo wò, mo bá 0 níbẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé àjọ.

Nítorí náà, èmi ni mo kọ òdo síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ ronú pé kí á máa gbé ohun èlò wa fún oníṣẹ́ pé kó bá wa da ìdáhùn sí i? Kí ló dé tí kò kàn fún wa lọ́wọ́? Ìtàn tí mo rí lẹ́yìn ìbéèrè yẹn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọkùnrin kan sì wà nínú rẹ̀ tó mú ohun dáradára, tó jù ú nù, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà wá ṣà á.

Kí á tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ méjì kúrò lọ́nà. Variable kò ju ohun èlò tí a fún lórúkọ lọ: igbá, abọ́, kẹ́ẹ̀gì. Parameter ni ààyè tí oníṣẹ́ fi sílẹ̀ níwájú rẹ̀ pé gbé tìrẹ síbí. Bí a bá pe oníṣẹ́ náà, a ó so variable tiwa mọ́ ààyè tirẹ̀, títí tó fi máa parí iṣẹ́ ni ìdè yẹn yóò wà. Gbogbo wàhálà inú ìtàn yìí wà nínú ìdè yẹn. Ṣé ó lè wo ohun tó wà nínú rẹ̀? Ṣé ó lè yí i padà?

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ń gbà gbé nǹkan fún oníṣẹ́, gbogbo ará Ìwó ló mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé wọ́n lọ sí yunifásítì. Bí o bá fẹ́ rán aṣọ, o lè gbé bùbá rẹ kan tó bá ọ mu fún télọ̀ kó fi wọn aṣọ tuntun. Kó wò ó, kó wọ̀n ọ́n, kó má fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Èkejì, o gbé ata lọ sí ibi ẹ̀rọ. Abọ́ rẹ lọ pẹ̀lú ata odidi, ó padà pẹ̀lú ata lílọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó ń lọ ṣe pàtàkì, èyí tó bọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ẹ̀kẹta, o gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ sọ́dọ̀ ìyá elépo. Kò kàn án ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kó ṣáà bu epo kún un. Ẹ̀kẹta yìí ni out. Ẹ sì rántí pé nínú oríkì Ìwó, ilé odídẹrẹ́, wọ́n mẹ́nu ba ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ láti fi gba ọlá àti ọrẹ. Ẹní ti wà nílẹ̀ kí ọrẹ tó dé. Mi ò lè rí àpèjúwe out tó dára ju ìyẹn lọ.

Ó dáa. Ọdún 1957 ni IBM gbé FORTRAN jáde, èdè tí John Backus àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún àwọn onísáyẹ́ǹsì. Ní 1958, FORTRAN II fi subroutine kún un, ìyẹn oníṣẹ́ kékeré tí a lè pè lórúkọ kó wá ṣe iṣẹ́ kan. Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín télọ̀, ọlọ́ta àti elépo nínú FORTRAN ìgbà yẹn. Ohunkóhun tí o bá gbé fún subroutine, àdírẹ́sì ibi tó wà nínú kọ̀ǹpútà lo fún un. Bó bá wù ú kó kà á, kó kà á. Bó bá wù ú kó pa á rẹ́, kó kọ òmíràn síbẹ̀, agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó fà. Ká ní subroutine kan máa ń fi ọ̀kan kún ohun tí a bá gbé fún un. O pè é, ṣùgbọ́n dípò kó o gbé variable fún un, o gbé oye 2 fúnra rẹ̀ fún un. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọ́jú 2 sí, gbogbo ibi tí o bá sì ti kọ 2 nínú iṣẹ́ rẹ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń lọ mú un. Subroutine á lọ síbẹ̀, á fi ọ̀kan kún un. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, 2 ti di 3. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́: 2 ti di 3. Ẹni tó ń wá àṣìṣe á ka iṣẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, á rí 2 níbi tó kọ 2 sí, kò sì ní rí ohun tó burú. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí ṣì máa ń sọ ọ́ bí ìtàn iwin.

Nílẹ̀ wa níbí, iṣẹ́ ìkànìyàn 1962 sí 1963 ni wọ́n sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn kọ̀ǹpútà, láàárín àwọn ọdún 1960 yẹn náà sì ni IBM dá ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. FORTRAN ni èdè tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ayé ń lò nígbà náà. Láti Ìbàdàn sí Ìwó kò jìnnà. Bí a bá fi ọkọ̀ lọ, kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú ẹni, a ti dé.

Ọkùnrin tí mo ní kí ẹ máa retí ni Niklaus Wirth. Ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland ni, wọ́n bí i ní 1934. Ní 1966, nígbà tó ń kọ́ni ní Stanford ní Amẹ́ríkà, òun àti Tony Hoare ará Gẹ̀ẹ́sì kọ àbá kan lórí bí wọ́n ṣe lè tún èdè ALGOL 60 ṣe. Èdè tó jáde nínú àbá yẹn ni ALGOL W. Inú rẹ̀ ni o ti lè kọ ọ́ sí iwájú parameter pé "value", ìyẹn ni pé kó mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ. Tàbí "result", ìyẹn ni pé kó dá èsì padà síbí. Tàbí kó o kọ méjèèjì pa pọ̀. Ẹ rí i pé "result" yẹn ni kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Wirth ti mọ̀ ọ́n ní 1966.

Ó wá padà sílé, sí Zurich, ó sì gbé Pascal jáde ní 1970. Pascal di ìlú mọ̀ọ́ká. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá àti ìyá tó kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní àwọn ọdún 1980, púpọ̀ nínú wọn á sọ pé Pascal ni wọ́n fi kọ́ àwọn. Ṣùgbọ́n ẹ wá "result" nínú Pascal, ẹ ò ní rí i. Ohun méjì ló kù: yálà kó mú ẹ̀dà lọ, tàbí kó jẹ́ VAR, ìyẹn abọ́ ata tó ń lọ tó ń bọ̀. Wirth fẹ́ràn èdè tó kéré, ohun tí VAR bá lè ṣe, kò rídìí tí a ó fi ní òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́, o lè gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo fún ọlọ́ta, iṣẹ́ á ṣe. Ohun tó sọnù ni ìròyìn. Ẹni tó ń ka iṣẹ́ náà kò ní mọ̀ mọ́ bóyá ohun tó wà nínú abọ́ nígbà tó ń lọ ṣe pàtàkì àbí kò ṣe pàtàkì. Àfi kó wọ inú ilé oníṣẹ́ lọ wo bó ṣe ń ṣe é. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí mo ní fún bàbá yìí, ó jọ mí pé àṣejù wà nínú ìyẹn.

Ìgbà tí oníṣẹ́ wà nínú ilé rẹ, ó ṣeé fara dà. Ìwọ lo kọ gbogbo rẹ̀, o lè ṣílẹ̀kùn kó o wò. Ṣùgbọ́n ní October 1968, níbi ìpàdé kan tí NATO ṣètò ní ìlú Garmisch ní Jámánì, Doug McIlroy ti dìde, ó sì sọ pé ó yẹ kí a máa ta ẹ̀yà ápù bí wọ́n ṣe ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ, kí ẹnì kan ṣe é, kí ẹlòmíràn rà á, kó so ó mọ́ tirẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, ẹ mọ ohun tó ń wí. Ẹni tó ra alternator kì í tú u wò kó tó mọ okùn tó máa so mọ́ ọn. Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ̀yà tí a dì pa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní component. Bí o kò bá lè ṣílẹ̀kùn oníṣẹ́ mọ́, ohun tó kọ sára ilẹ̀kùn nìkan lo ní. VAR kò wá tó mọ́.

Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Èdè tí wọ́n ṣe, Ada, tí ìlànà rẹ̀ di ti gbogbogbòò ní 1983, kọ ọ́ gbangba: in, out, in out. Télọ̀, elépo, ọlọ́ta. Wọ́n le koko débi pé nínú Ada ti 1983, elépo kò gbọdọ̀ wo inú kẹ́ẹ̀gì tí a gbé fún un rárá, kódà lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti da epo sí i. Ó dà á tán, kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò! Àwọn tó ń lò ó ráhùn títí, ní 1995 ni wọ́n tó gbà pé ó lè wò ó.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan máa pe oníṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn náà mú un lò. CORBA dé ní 1991 pẹ̀lú in, out àti inout tirẹ̀. COM ti Microsoft dé ní 1993, tiwọn náà ní in àti out. Ìdí tiwọn yé ẹ̀yin tí ẹ ń ra data. Bí abọ́ bá jẹ́ ti ata, ohun inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba orí wáyà lọ kó sì gba orí wáyà bọ̀. Bó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo, kí la fẹ́ fi data gbé lọ? Èsì nìkan ló máa gba ọ̀nà bọ̀.

Ní Zurich náà, ní yunifásítì ETH níbi tí Wirth ti ń kọ́ni, ó tún ti ṣe èdè mìíràn, Modula-2, lẹ́yìn náà Oberon ní ìparí àwọn ọdún 1980. Oberon kéré ju Pascal lọ, VAR nìkan ló sì ṣì ní. Àwọn tó jáde ní ETH yẹn, Cuno Pfister àti Clemens Szyperski wà lára wọn, dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1993, wọ́n pè é ní Oberon microsystems. Component ni òwò wọn. Ibẹ̀ ni ojú wọn ti là sí ohun tí ọ̀gá wọn jù nù. Ní 1997, wọ́n gbé Component Pascal jáde. Wọ́n fi IN sí i, wọ́n sì fi OUT sí i. Ohun tí ọ̀gá ní lọ́wọ́ ní 1966, tó gbé jù sílẹ̀ ní 1970, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣà á lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i, ẹ má bínú, ohun tó ń dùn mọ́ èmi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á wo oníṣẹ́ kan nínú Component Pascal, torí ó jọ tèmi tó bàjẹ́ gan-an. Inú irinṣẹ́ wọn tó ń jẹ́ BlackBox ló wà:

PROCEDURE StringToInt (IN s: ARRAY OF CHAR; OUT x, res: INTEGER)

Lẹ́tà ni s. Ó jẹ́ IN, bùbá tí a gbé fún télọ̀. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló tẹ̀ lé e. Inú x ló máa da oye sí, inú res ló sì máa kọ bí iṣẹ́ ṣe lọ sí. Bí res bá jẹ́ 0, kò sí wàhálà. Ṣé ẹ rí i? Òdo tó ba tèmi jẹ́, àlàáfíà ló túmọ̀ sí nínú res tiwọn. Bí o bá fẹ́ so nǹkan mọ́ x, variable tó lè gba nǹkan ni kó o mú wá. Bí o bá kọ 5 síbẹ̀, tàbí a + b, compiler á dá ọ dúró kí ápù tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa sọ 2 di 3 mọ́.

BlackBox tún ní ìdè mìíràn tó dùn mọ́ mi. Bí o bá fẹ́ kí àpótí kan lójú kọ̀ǹpútà máa fi ohun inú variable hàn, wàá kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí wọ́n ń pè ní Link. Ká ní tèmi ni, màá kọ Ajo.eni.owo. Mo wá lè so variable kan náà mọ́ OUT nígbà tí mo bá pe StringToInt. Oníṣẹ́ á da oye sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà kò ní yí padà títí màá fi pe Dialog.Update kó lọ jíṣẹ́ fún un pé nǹkan ti dé.

Àbùkù kan wà lára OUT tiwọn tí mi ò lè gbójú fò. Kí oníṣẹ́ tó da nǹkan sínú rẹ̀, ìlànà wọn sọ pé ohun tó wà níbẹ̀ kò dájú, àfi bó bá jẹ́ pointer tàbí procedure, ìyẹn nìkan ni wọ́n máa ń fọ̀ di NIL. Ìyá elépo lè gbàgbé, kó dá kẹ́ẹ̀gì padà bó ṣe wà, kẹrosíìnì àná á sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ìwọ á fi se ọbẹ̀.

Ẹni tó dí ihò yẹn ni Anders Hejlsberg, ọmọ Denmark. Òun ló ṣe Turbo Pascal tó jáde ní 1983, òun ló ṣáájú iṣẹ́ Delphi ti 1995, kó tó lọ sí Microsoft, níbi tó ti darí àwọn tó ṣe C# tí wọ́n kéde ní 2000. Ẹ rí i pé ọmọ ilé Pascal lòun náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé èdè àwọn component ni C#. Ohun méjì ló ṣe sí out. Àkọ́kọ́, oníṣẹ́ kò gbọdọ̀ padà wálé láì da nǹkan sínú kẹ́ẹ̀gì. Bó bá fẹ́ gbàgbé, compiler kò ní gbà fún un. Kò sì gbọdọ̀ ka ohun inú rẹ̀ kó tó dà nǹkan sí i. Èkejì, èyí tí mo fẹ́ràn jù: ẹni tó ń pe oníṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ "out" lọ́dọ̀ tirẹ̀. Nínú Pascal, ara ilẹ̀kùn oníṣẹ́ nìkan ni VAR wà. Ẹni tó ń ka ibi tí wọ́n ti pè é kò ní rí àmì kankan. Nínú C#, ọwọ́ méjèèjì ló tọwọ́ bọ̀wé. Bí mo ṣe kọ out síwájú owo yẹn, mo ti fọwọ́ sí i pé ohun inú owo á yí padà.

TryParse fún oye bí irú tèmi dé ní 2005 pẹ̀lú .NET 2.0. Ṣáájú rẹ̀, Parse ni wọ́n ń lò. Bó bá pàdé kọ́mà irú yẹn, igbe ló máa ta, ápù á sì dúró bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣètò láti gbọ́ igbe náà. Ní March 2017, C# 7.0 wá mú kó rọrùn sí i: o kò ní láti lọ wá kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ ní ìlà òkè mọ́, o lè ṣe é níbẹ̀ gan-an bí o ṣe ń gbé e fún elépo. "out int owo" tí mo kọ nìyẹn. Ìrọ̀rùn náà ló tàn mí. Gbogbo rẹ̀ wọ ìlà kan ṣoṣo, ó mọ́ lójú, mi ò wá rántí pé ìdáhùn kejì wà tí mi ò tẹ́ ẹní kankan dè.

Àwọn tó ń kọ èdè tuntun kan wà tí wọn kò fẹ́ràn kẹ́ẹ̀gì rárá. Go, tí Google kéde ní 2009, kò ní out. Oníṣẹ́ lè kó ìdáhùn méjì lé ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí o bá sì fún èkejì lórúkọ tí o kò lò ó, compiler á bá ọ wí. Ẹ̀yin ọmọ Bowen tí ẹ ń gbọ́ wa láti Ìwó gan-an, mo mọ̀ pé ìjà máa wà lórí èyí nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi ránṣẹ́. Ẹ máa bọ̀. Lójú tèmi, bí ìdáhùn bá pọ̀, kẹ́ẹ̀gì ṣì dára. Ohun tí C# kò ṣe ni kó fi dandan lé e pé kí n wo bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ yẹn kí n tó fọwọ́ kan owo.

Wirth kú ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ó kù díẹ̀ kó pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ẹ̀bùn Turing tí wọ́n fún un ní 1984 kò sọ nǹkan kan nípa "result" tó jù nù.

Kí ni mo wá ṣe sí ti àǹtí mi? Mo kọ́kọ́ gbà pé kí ápù náà máa gba kọ́mà. Lẹ́yìn náà, mo fi "if" síwájú TryParse: bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní kọ ohunkóhun sínú ìwé, á fi pupa hàn pé òun kò mọ iye tí wọ́n tẹ̀. Mo tún padà lọ wo gbogbo òdo tó wà nínú oṣù yẹn. Mo rí méjì mìíràn. Ọ̀kan, wọ́n tẹ 5k. Èkejì, lẹ́tà O ni wọ́n fi ṣe òdo níbi tó yẹ kí 2000 wà. Bí mo ṣe wò ó lójú, mi ò lè mọ ìyàtọ̀, àfi ìgbà tí mo sọ fọ́ǹtì rẹ̀ di ńlá. Àǹtí mi pe àwọn méjèèjì kí wọ́n tó pè é, ó sọ fún wọn pé owó wọn pé.

Ìyá onígààrí ṣì ń dá àjọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Káàdì rẹ̀ kì í wà nílé mọ́, inú ìró rẹ̀ ló ń dè é sí. Àǹtí mi sì ra ìwé tuntun, ó fi ọ̀rá bò ó nítorí òjò. Ó ń kọ ọ́ síbẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ni ọmọ rẹ̀ á wá tẹ̀ ẹ́ sínú ápù, òun á sì dúró tì í títí iye náà fi máa jáde lójú kọ̀ǹpútà.

Ibi tí mo dé rèé lónìí. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́, ẹ bá wa pín in fún ẹni tó ń kọ́ kóòdù nílé yín. Ó dìgbà kan ná.